Alexander Augusta, Dókítà Ológun: Kò Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀, Kò sì Gbé Ìwọ̀sí Mì



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti ìgbésí ayé ọkùnrin kan. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ayé ní ìgbà tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gba ọ̀nà tí ó gbà kọjá lójoojúmọ́, ní Baltimore, ní Washington, àti níbi tí ilé ìwòsàn Howard wà. Orúkọ rẹ̀ ni Alexander Thomas Augusta. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ipò ọ̀gá ológun gẹ́gẹ́ bí dókítà, nígbà Ogun Abẹ́lé tí wọ́n jà láti ọdún 1861 títí di ọdún 1865.

Ìdí tí a fi yan ìtàn yìí kò fara sin. Ó wà láàárín wa ẹni tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà nílé, tí ó dé ìhín tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò wúlò. Ó wà láàárín wa ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ fún ogún ọdún, tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ lónìí, ọmọ tí ó lè bí, ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ-ọ̀dọ̀ wí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá délé ní alẹ́, ìmọ̀ràn méjì ni ó sábà máa ń gbọ́. Ọ̀kan ní, "Fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn, ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, ẹni tí kò bá kí ọ, má bá a ṣe mọ́." Èkejì ní, "Pa ẹnu mọ́, gbé e mì, nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ." Augusta kò tẹ̀lé ọ̀kan nínú méjèèjì. Kò torí ìwọ̀sí fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì torí iṣẹ́ gbé ìwọ̀sí mì. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ṣe é, àti ohun tí ó ná an.

ONÍGBÀJÁMỌ̀ TÍ Ó FẸ́ DI DÓKÍTÀ

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 1825 ni wọ́n bí Augusta ní ìlú Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ẹrú, olómìnira ni wọ́n. Ṣùgbọ́n òmìnira ènìyàn dúdú ní Virginia nígbà náà ní ààlà. Òfin kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ènìyàn dúdú ní ìwé. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni Augusta ń ṣe, lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ó sì ti ń kọ́ ìwé kíkà díẹ̀díẹ̀.

Ó ṣí lọ sí Baltimore. Ibẹ̀ ni ó ti fẹ́ Mary Burgoin ní ọdún 1847. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni láti di dókítà. Ó lọ béèrè àyè ní yunifásítì Pennsylvania, wọn kò gbà á. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni ó ṣàánú rẹ̀ tí ó jẹ́ kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ òun ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí owó kò sí, ó kọjá lọ sí California, níbi tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ nítorí góòlù, ó sì ṣiṣẹ́ títí ó fi rí owó díẹ̀ kó jọ.

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún un ní Amẹ́ríkà, ni ó bá kọjá sí Kánádà. Ní Toronto ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College, ó sì gba oyè ìṣègùn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn, ìyàwó rẹ̀ náà sì ń ránṣọ tà. Ó tún jẹ́ aṣíwájú ẹgbẹ́ kan tí ń wá ìwé àti ohun ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ dúdú ìlú náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Toronto, Anderson Ruffin Abbott, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Kánádà tí ó gba ìwé àṣẹ dókítà, ní ọdún 1861. A ó tún gbọ́ orúkọ rẹ̀ níwájú.

Norfolk, Baltimore, Philadelphia, California, Toronto: ẹ wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó, nítorí ohun tí ọmọ ẹlòmíràn rí kọ́ ní òpópónà ilé bàbá rẹ̀. Àwa tí a gba Èkó dé London kí a tó dé Maryland mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

LẸ́TÀ SÍ ÀÀRẸ LINCOLN

Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1861. Àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù ya kúrò nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan òwò ẹrú wọn. Kí àwọn àgbà wa lè mọ ìgbà tí à ń sọ, àkókò náà ni ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́ nílé, tí Ìjàyè sì fọ́ ní ọdún 1862.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1863, Ààrẹ Abraham Lincoln kéde pé àwọn ẹrú tí ó wà ní ìpínlẹ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ di òmìnira, àti pé àwọn ọkùnrin dúdú lè wọ iṣẹ́ ológun. Ọjọ́ méje kò tíì pé tí Augusta fi kọ̀wé láti Toronto sí Lincoln fúnra rẹ̀. Ó ní òun jẹ́ dókítà, òun fẹ́ wá tọ́jú àwọn ọmọ ogun dúdú.

Wọ́n pè é wá fún ìdánwò. Nígbà tí ó dé Washington tí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ológun rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n fẹ́ dá a padà. Wọ́n sọ ìdí méjì. Èkínní, ọmọ Áfíríkà ni. Èkejì, ọmọ abẹ́ Ọbabìnrin Victoria ni nítorí Kánádà tí ó ń gbé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ dá sí ogun náà. Augusta kò padà. Ó tún kọ̀wé. Ó ṣàlàyé pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí òun, pé ọ̀nà jíjìn ni òun ti wá, pé òun ti náwó púpọ̀, àti pé ohun tí òun fẹ́ ni kí òun wúlò fún orílẹ̀-èdè náà àti fún àwọn ènìyàn òun ní àkókò ńlá bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó jókòó fún ìdánwò. Ó yege. Ní oṣù kẹrin ọdún 1863 wọ́n fún un ní ipò Major, pẹ̀lú iṣẹ́ dókítà àgbà fún àwọn ọmọ ogun dúdú. Nínú gbogbo ogun náà, àwọn dókítà dúdú tí ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba kò ju bíi mẹ́rìnlá lọ.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ BALTIMORE

Oṣù kan kò tíì pé tí ó gba ipò náà tí ó fi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Baltimore pẹ̀lú aṣọ ológun lọ́rùn rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 1863 ni. Àwọn kan rí ènìyàn dúdú tí ó wọ aṣọ ọ̀gá ológun, inú bí wọn. Wọ́n yí i ká, wọ́n já àmì oyè tí ó wà ní èjìká rẹ̀.

Augusta lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ológun, ó sì fẹjọ́ sùn. Wọ́n fún un ní ẹ̀ṣọ́, wọ́n bá a padà láti mú àwọn tí ó ṣe é. Ní ọ̀nà, ẹnìkan tún fún un ní ẹ̀ṣẹ́ lójú, ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú rẹ̀. Wọ́n mú àwọn kan. Lẹ́yìn náà Augusta padà sí ibùdókọ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun tí ó di ìhámọ́ra, ó wọ ọkọ̀ náà, ó sì bá ìrìnàjò rẹ̀ lọ. Ó wá kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà tí ìwé ìròyìn tẹ̀ jáde.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Ó lè bọ́ aṣọ náà kí ó wọ ti ilé, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá bọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ẹni dúdú tí yóò wọ̀ ọ́ lọ́la yóò jìyà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

IṢẸ́ DÓKÍTÀ NÍNÚ OGUN

Iṣẹ́ wo ni dókítà ológun ń ṣe nígbà náà? Ọta ìbọn ìgbà náà tóbi, ó rọ̀, bí ó bá bá egungun, ṣe ni ó máa ń fọ́ ọ túútúú. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oògùn amúnisùn ti wà, nítorí náà kì í ṣe òtítọ́ pé gbogbo wọn ni wọ́n gé lójú ayé. Ohun tí kò sí ni ìmọ̀ nípa kòkòrò àrùn. Dókítà Joseph Lister kò tíì kọ̀wé nípa bí a ṣe ń pa kòkòrò lójú ọgbẹ́ títí di ọdún 1867. Ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n ń nù sára aṣọ iṣẹ́ láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn.

Síbẹ̀ kì í ṣe ìbọn ni ó pa ènìyàn jù. Àrùn ni. Ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ ọ̀rìn, akọ ibà, èèyi àti ṣọ̀pọ̀ná ni wọ́n pa ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó kú. Bíi 180,000 ọmọ ogun dúdú ni ó wọ iṣẹ́ náà. Nínú bíi 40,000 tí kò padà sílé, bíi 30,000 ni àrùn pa.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fi Augusta sí jẹ́ ilé ìwòsàn fún àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Camp Barker ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní Washington, nítòsí ibi tí a mọ̀ lónìí sí Logan Circle. Ẹ fojú inú wo àwọn tí ó ń dé. Àwọn ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n rin òru mọ́jú, àwọn arúgbó, àwọn ọmọ tí kò mọ ibi tí bàbá wọn wà. Ebi ti pa wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ti bó, ọ̀pọ̀ ti kó ṣọ̀pọ̀ná lójú ọ̀nà. Augusta ni olórí ilé ìwòsàn náà. Kò sí ènìyàn dúdú tí ó ti ṣe olórí ilé ìwòsàn kankan ní Amẹ́ríkà rí kí ó tó dé. Abbott, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti Toronto, wá bá a ṣiṣẹ́. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ilé ìwòsàn Freedmen's ti jáde wá, èyí tí ó di ilé ìwòsàn yunifásítì Howard nígbà tí ó yá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa tí ẹ ti ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀, ẹ ti gbọ́ ibi tí ọ̀nà yín ti bẹ̀rẹ̀.

ỌKỌ̀ TÍ Ó FI Í SÍLẸ̀ NÍNÚ ÒJÒ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1863 wọ́n fi Augusta ṣe dókítà àgbà fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú tí a ń pè ní Ìkeje. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 1864, ó ń lọ jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ ológun ní Washington. Òjò ń rọ̀. Ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà lórí irin ni wọ́n ń wọ̀ nínú ìlú nígbà náà. Bí ó ti fẹ́ wọlé, kọ̀ńdọ́kítọ̀ fà á padà. Ó ní iwájú, lọ́dọ̀ awakọ̀, níta gbangba, ni ènìyàn dúdú ń dúró. Augusta ní òun kò ní dúró níta. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ tì í sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà náà nínú òjò àti ẹrẹ̀, ó sì pẹ́ dé ilé ẹjọ́.

Wọ́n bi í léèrè ohun tí ó fà á. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, òpópónà, ohun tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ sọ, ohun tí òun náà sọ. Kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Lẹ́tà kékeré yìí dé ọwọ́ Sẹ́nétọ̀ Charles Sumner, ó sì kà á sétí ìgbọ́ gbogbo ilé aṣòfin ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Ó ní ìtìjú ni fún olú-ìlú. Àwọn kan nínú ilé náà bínú, àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tún padà sùn mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1865 òfin jáde pé ọkọ̀ kankan ní Washington kò gbọ́dọ̀ lé ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe Augusta nìkan ni ó ja ìjà náà o. Ní ọdún 1865 kan náà ni Sojourner Truth, ìyá àgbà tí ó ti ṣe ẹrú rí, ń wọ àwọn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti rí i pé wọ́n ń pa òfin náà mọ́. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ "mé jẹ." Augusta fi kálámù kọ̀ ọ́.

DỌ́LÀ MÉJE

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ọmọ ogun òyìnbó tí kò ní ipò kankan ń gba dọ́là 13 lóṣù. Ọmọ ogun dúdú ń gba 10, wọ́n sì ń yọ 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ, ó ku 7. Nígbà tí Major Augusta lọ gba owó rẹ̀ ní Baltimore, dọ́là 7 ni akápò náà kà fún un. Dókítà! Major! Owó ipò rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Augusta kò gbà á. Ó kọ̀wé sí Sẹ́nétọ̀ Henry Wilson, ó ṣàlàyé ipò rẹ̀ àti ohun tí òfin sọ. Wilson gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Edwin Stanton, tí ó jẹ́ mínísítà ogun, ní oṣù kẹrin ọdún 1864 ni Stanton sì pàṣẹ kí wọ́n san owó Augusta bí ipò rẹ̀ ti rí. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ilé aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí owó àwọn ọmọ ogun dúdú bá ti àwọn òyìnbó dọ́gba.

ẸNI TÍ A NÍ KÓ FẸ́ NI LÓJÚ

Ẹ má jẹ́ kí a sọ ìtàn yìí bí àlọ́ tí ohun gbogbo dára ní ìparí rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, àwọn dókítà òyìnbó wà tí ipò wọn kéré sí ti Augusta. Kò wù wọ́n kí wọ́n máa gba àṣẹ lẹ́nu ènìyàn dúdú. Ní oṣù kejì ọdún 1864 wọ́n kọ̀wé sí Ààrẹ Lincoln pé ìtẹ́lórí ni fún àwọn. Wọn kò sọ pé kò mọ iṣẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀sùn tí wọ́n rí kà sí i lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí: ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu.

Àwọn wọ̀nyí ni ó borí. Wọ́n mú Augusta kúrò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n fi í sí Maryland kí ó máa yẹ ara àwọn tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun wò. Iṣẹ́ náà kéré sí ipò rẹ̀. Ó ṣe é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọkùnrin tí ó ti ṣe ẹrú rí ń wọ iṣẹ́ ológun ní àkókò náà, ó sì yẹ kí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ wo àyà àti ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó lọ sójú ogun.

Ní oṣù kejì kan náà ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Augusta àti Abbott wọ aṣọ ológun wọn, wọ́n lọ sí ibi àpèjẹ ní ilé Ààrẹ. Ènìyàn dúdú kì í lọ síbẹ̀ bí àlejò. Abbott ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé bí Lincoln ti rí Augusta, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ọmọ Ààrẹ, Robert, wá béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bóyá yóò gba irú àṣà tuntun bẹ́ẹ̀. Bàbá náà ní kí ló dé tí òun kò ní gbà á. Gbogbo ojú ń wo àwọn dókítà méjèèjì náà, ṣùgbọ́n wọn kò sá lọ.

LẸ́YÌN OGUN

Ní oṣù kẹta ọdún 1865, nígbà tí ogun ń parí lọ, wọ́n fi oyè Lieutenant Colonel dá Augusta lọ́lá. Kò sí ènìyàn dúdú tí ó ti dé irú ipò bẹ́ẹ̀ rí nínú iṣẹ́ ológun náà. Ogun parí, ṣùgbọ́n àrùn kò parí. Àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ kò ní ilé, wọn kò ní ilẹ̀, ṣọ̀pọ̀ná sì ń pa wọ́n ní gbogbo ìhà gúúsù. Augusta lọ sí ìlú Savannah, ní Georgia, ó sì ṣe olórí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní Lincoln, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ fún wọn.

Ó padà sí Washington, ó ń tọ́jú aláìsàn. Ní ọdún 1868 yunifásítì Howard, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pè é láti wá kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wọn. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan ní Amẹ́ríkà. Ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn ni ó ń kọ́ wọn. Ẹni tí Pennsylvania kò gbà sílé-ẹ̀kọ́, òun ni ó wá ń dúró níwájú kíláàsì.

Ìwọ̀sí tún dé. Ní ọdún 1869, òun pẹ̀lú dókítà dúdú méjì, Charles Purvis àti Alpheus Tucker, bèèrè láti wọ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìlú Washington. Ìwé ẹ̀rí wọn pé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò dìbò fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ipò lásán, nítorí dókítà tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò lè jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù láti jíròrò lórí aláìsàn tí àrùn rẹ̀ le. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1870, tí dúdú àti funfun wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà gbogbo Amẹ́ríkà pàdé ní Washington ní ọdún náà, wọn kò gba àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tuntun náà wọlé. Ọdún 2008 ni ẹgbẹ́ ńlá náà tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn dókítà dúdú. Ọdún 138 ti kọjá!

Augusta kọ́ni ní Howard títí di ọdún 1877, ó sì ń tọ́jú aláìsàn títí di òpin ayé rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá ọdún 1890. Wọ́n sin ín sí Arlington, níbi tí wọ́n ń sin àwọn akọni ológun sí. Òun ni ọ̀gá ológun dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n sin síbẹ̀.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Èkínní, ó pe ara rẹ̀ lójú kí ó tó bèèrè. Nígbà tí wọ́n ní kí ó jókòó fún ìdánwò, kò sọ pé òun ti ń ṣe dókítà ní Toronto láti ọjọ́ yìí wá. Ó jókòó, ó sì yege. Ẹ̀yin ará wa tí ìdánwò ìhín ń bà lẹ́rù, tí ẹ ti fi ìwé ẹ̀rí yín sínú àpótí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e jáde. Ìjọ ní àwọn tí ó ti yege ìdánwò wọ̀nyí, wọn yóò sì bá yín kàwé.

Èkejì, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ka ariwo sétí ilé aṣòfin, ṣùgbọ́n lẹ́tà ṣe é kà. Bí wọ́n bá fi ìyà jẹ wá níbi iṣẹ́, kí a kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, wákàtí náà, ohun tí wọ́n sọ, àti ẹni tí ó wà níbẹ̀. Kí a kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí a má sì fi èébú kún un. Lẹ́yìn náà kí a wá ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Augusta kò bá akápò jà. Ó mọ̀ pé ọ̀gá wà lókè akápò.

Ẹ̀kẹta, kò dá gòkè. Abbott wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ Toronto rí ìwé gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard rí ẹni wò.

Ẹ̀kẹrin, kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ó jàre. Ó gba owó rẹ̀, ó gba ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kò sì gbà á títí ó fi kú. Kí a sọ èyí fún àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Bí a bá sọ fún wọn pé ẹni tí ó bá ṣe dáadáa ni yóò máa rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà nígbà gbogbo, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe dáadáa tí wọn kò rí i gbà, ara wọn ni wọn yóò máa dá lẹ́bi.

Ẹ̀karùn-ún le láti sọ, ṣùgbọ́n a ní láti sọ ọ́ láàárín ara wa. A ní orúkọ kan tí a máa ń pe àwọn ọmọ dúdú ilẹ̀ yìí nínú ilé wa. Akátá ni. Àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ lẹ́nu wa, wọ́n sì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. A máa ń sọ pé wọn kò fẹ́ràn iṣẹ́, pé ẹjọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n rò. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí a wọ̀ wá sí ìsìn, ilé ìwòsàn tí a bí ọmọ sí, àti owó oṣù tí ó bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, ẹjọ́ tí wọ́n rò ni ó bá wa gbà á. Nígbà tí a dé, a bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, a sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó já àmì oyè èjìká Augusta kò ní bi wá léèrè bóyá Ìjẹ̀bú ni wá tàbí Norfolk. Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú orúkọ náà, bẹ̀rẹ̀ láti ilé ti wa tí a ń kọ èyí.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Kí ni ìwọ ìbá ṣe ní ibùdókọ̀ Baltimore? Ìwọ ìbá bọ́ aṣọ náà bí?

2. Àwọn òbí: ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nílé kí ẹ tó wá síhìn-ín. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀.

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín sùúrù àti gbígbé ìwọ̀sí mì? Ẹ mú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan wá láti ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé.

4. Ẹ̀yin ọmọ: ẹ kọ lẹ́tà kan, tí kò ju ojú ewé kan lọ, nípa ohun kan tí kò tọ́ tí ẹ rí. Ọjọ́, ibi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Kí èébú má sí níbẹ̀. Ẹ mú un wá sí kíláàsì ọjọ́ ìsinmi.

5. Bí ẹ bá ráyè lọ sí Arlington, apá kìn-ín-ní ni ibojì rẹ̀ wà. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ wa rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rere. Ó dìgbà kan ná.